Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ohun tí Orúkọ Ìlú ń Sọ

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pe ọ̀rọ̀ yìí kíákíá: ẹ̀bá ọ̀dàn, ẹ̀bá ọ̀dàn, ẹ̀bá ọ̀dàn. Kí ni ó dà lẹ́nu yín? Ìbàdàn ni! Ọ̀dàn ni ilẹ̀ pápá tí koríko pọ̀ sí, tí igi ibẹ̀ kò dí. Ibi tí igbó ìhà gúúsù ti pàdé pápá ìhà àríwá ni wọ́n tẹ Ìbàdàn dó sí. Lónìí, ilé ti bo gbogbo rẹ̀. Bí o bá dúró ní Mọ́kọ́lá tàbí Dùgbẹ̀, o kò lè rí ọ̀dàn kankan. Orúkọ ìlú ni ó kù tí ó ń jẹ́rìí pé ọ̀dàn wà níbẹ̀ rí.

Ìbàdàn ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọdún 1976 ni ìjọba dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1991, wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ni ó ní.

Orúkọ mìíràn ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìtàn sọ pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ àwọn ará Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Ògúnlọlá pa á, ó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Láti inú "ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́" ni a ti rí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ọ̀yọ́ méjì ni ó wà. Ọ̀yọ́-Ilé, tí í ṣe ti àtijọ́, wà ní ìhà àríwá. Ogun ni ó tú u ní nǹkan bí ọdún 1835. Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́-Ọjà, tí ó wà ní ìhà gúúsù, di Ọ̀yọ́ tuntun. Àwọn ènìyàn ru orúkọ ìlú wọn bí ẹni ru ẹrù. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó tí ìjọba àpapọ̀ ti ń dáàbò bo ẹranko.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo orúkọ ni ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní Òkè-Ògùn tí ń jẹ́ Atisbo. Ẹ wò ó dáadáa: "s" àti "b" tẹ̀lé ara wọn láìsí fáwẹ̀lì láàárín! Èdè Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú ni wọ́n kó jọ: A fún Àgọ́-Àrẹ, T fún Tẹdé, I fún Ìráwọ̀, O fún Òfìkì. Ó rọrùn fún ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n kò sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí fún wa.

Odò kékeré àti òkè àdúgbò yín náà ní orúkọ. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n wà, àwọn àgbà kò sì ní wà títí.

Ìdánrawò
1. Kí ni à ń pè ní ọ̀dàn?
2. Kí ni ìdí tí Ọ̀yọ́ fi di méjì?
3. Àwọn ìlú wo ni ó ni "s" àti "b" nínú Atisbo? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
4. Lọ bá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan ní àdúgbò rẹ. Kí wọn, kí o sì bi wọ́n ní orúkọ odò tàbí òkè kan àti ìdí tí ó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.