Ṣé Ọmọ Àgbẹ̀ Kò Lè Yege Ni?

Ìbéèrè: Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alátẹ ló kún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba àdúgbò wa. Bàbá ọmọ mi ní wọn ò lè mọ̀wé. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ìyá kan, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Irọ́ ni o, ìyá wa. Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ló yẹ ká wò, kì í ṣe iṣẹ́ òbí rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko; wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn yòókù bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3. Àwọn oní-Yorùbá ló ta yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀! Ẹ sọ fún bàbá ọmọ yín pé kó lọ jókòó sí kíláàsì kan ní ilé-ìwé àdúgbò yín, kó wò ó bóyá ohun tí tíṣà ń sọ yé àwọn ọmọ.