Àbúrò Mi, Ojúmọmọ Ni Wọ́n Ń Ṣe Bíìtì

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ àárín àwa méjì ni. Mo mọ ohun tó wà nínú íapíìsì tí o kì í yọ létí mọ́ yẹn. Orin mára ni. Mo sì mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ọmọ kíláàsì rẹ kan ti fi dubstep àwọn ará London ránṣẹ́ sí ọ, o ti ń wá irú ẹ̀ kiri lórí YouTube títí dátà fi ń tán mọ́ ọ lọ́wọ́. Màmá ní orin wèrè ni. Bọ̀ọ̀dá ní orin ọmọ ìta ni. Èmi ò bá ọ jà o, torí orin náà ń dùn mọ́ èmi gan-an. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni bí o ṣe máa wọ inú ẹ̀ tí wàá fi jẹ adùn ẹ̀ pẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ rò ni pé òru ni orin yìí ń gbé, pé bí èèyàn ò bá tíì dúró níwájú sípíkà tó ga jù ú lọ láago méjì òru, kò tíì mọ nǹkan kan. Irọ́ ni. Òru ni wọ́n ń jó o, àmọ́ ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó wọ kílọ́ọ̀bù ló sì ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ọmọ wa kan fún ọ. Adégbénga Adéjùmọ̀ lorúkọ ẹ̀, Benga ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Croydon, ní gúúsù London, ló dàgbà sí. Lójú ọ̀nà Surrey Street níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ẹ̀fọ́ àti èso, ṣọ́ọ̀bù kan wà nígbà náà tí wọ́n ti ń ta àwo orin, Big Apple Records. Nǹkan bí ọdún 2001 sí 2003, ibẹ̀ ni Benga àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Oliver Jones, tí wọ́n ń pè ní Skream, fi ṣe ilé kejì. Ọmọ ọdún 15, ọmọ ọdún 16 ni wọ́n. Skream tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà, Hatcha, DJ ni. Àwọn ọmọ yìí á jókòó sílé, wọn á ṣe bíìtì lórí kọ̀ǹpútà, wọn á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Hatcha á gbọ́ ọ, èyí tó bá wù ú, á gbé e lọ sí FWD, òde ijó kan ní London tí àwọn olórin abẹ́lẹ̀ ń péjọ sí. Orin wọn dé ibi tí ọjọ́ orí wọn ò tíì gbé wọn dé. Kí Benga tó pé ọmọ ogún ọdún, àwo ẹ̀ ti wà nígboro. Ní 2008, ó gbé odidi àwo kan jáde tó pe àkọlé ẹ̀ ní Diary of an Afro Warrior. Òun, Skream àti Artwork kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní Magnetic Man, nígbà tó sì di 2010, orin wọn wọ inú mẹ́wàá tó lókìkí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Adéjùmọ̀ o, nídìí orin tí àwọn èèyàn wa ń pè ní ti òyìnbó.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àṣà àjèjì ni pé kí ọmọdé dá orin sílẹ̀. Fújì tí Bàbá fi ń gbádùn ọjọ́ Àìkú, inú wéré ló ti jáde, orin tí àwọn ọmọ fi ń jí àwọn èèyàn ṣe sààrì nígbà ààwẹ̀. Síkírù Àyìndé Barrister ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wéré. Àwọn àgbà ìgbà yẹn náà pe ariwo ọmọdé ní ariwo ọmọdé.

Nílé wa níbí, ijó ṣáku-ṣáku ti Agége jáde ní nǹkan bí 2017, gbogbo Èkó sì ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni fíríbíìtì àti kúrúùsì dé, tí mára tẹ̀ lé e. DJ YK Mule, DJ Khalipha, DJ Cora àti ọ̀pọ̀ mìíràn ń ṣe bíìtì tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, wọ́n ń gé ohùn èèyàn láti inú fídíò apanilẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ń jù ú sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ lè jó o lórí TikTok. Ní Durban, ní South Africa, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí orin tí wọ́n ń pè ní gqom: àwọn ọ̀dọ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá, awakọ̀ takisí ló gbé e káàkiri ìlú. Yàrá, ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò. Wò ó, kò sí kílọ́ọ̀bù kankan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Torí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí o ṣe ni kí o kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Bí o bá ń gbọ́ dubstep láti ẹnu fóònù, ìdajì orin náà ò sí níbẹ̀, torí sípíkà inú fóònù kéré jù, kò lè gbé béèsì ìsàlẹ̀ yẹn jáde. Ìdí nìyẹn tí Bọ̀ọ̀dá fi ní òun ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju ariwo lọ. Fi íapíìsì tó dáa gbọ́ ọ. Kí o wá máa kà á lẹ́nu: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìlù tó ń dún "pà" yẹn, orí ẹ̀ta ló sábà máa ń bọ́ sí. Bíìtì náà ń sáré ní nǹkan bí 140 láàárín ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ torí pé "pà" yẹn ń dá dúró lórí ẹ̀ta, ara rẹ á máa mì jẹ́jẹ́. Ti mára kì í fún ọ láyè láti mí bẹ́ẹ̀. Lọ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí o kà wọ́n. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn fúnra rẹ, o ti kúrò ní ẹni tó kàn ń jó.

Lẹ́yìn náà, ṣe tìrẹ. O ò nílò láptọ́ọ̀pù láti bẹ̀rẹ̀. BandLab wà fún fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnì kan nílé bá ní láptọ́ọ̀pù, FL Studio ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí ń lò. FruityLoops ni wọ́n ń pè é nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní Belgium ní 1997, òun náà ni Skream fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ìdánwò lọ́fẹ̀ẹ́ máa jẹ́ kí o ṣe gbogbo nǹkan, àmọ́ bí o bá ti pa iṣẹ́ kan dé, kò ní ṣí i padà fún ọ. Nítorí náà, kí o tó pa á, sọ bíìtì náà di orin tó dá dúró, kí o sì tọ́jú ẹ̀ sínú mẹ́mórì. Má gba ayédèrú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní òun máa fi sí i fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ló máa ń bá a wá, láptọ́ọ̀pù Bọ̀ọ̀dá ló sì máa bà jẹ́.

Ohun tó ń mú mi láyọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Makoko ni o ń gbé. Ǹjẹ́ o mọ iye ohùn tó wà ní àyíká rẹ tí ọmọ Croydon ò lè rí rà? Bí àjẹ̀ ṣe ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Bí pákó ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ọmọ bá ń sáré lọ síléèwé. Àwọn ìyá tí ń ta oúnjẹ nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń fi èdè Ègùn polówó. Mọ́tò tó ń kọjá lórí Third Mainland Bridge láti òkèèrè, tó ń kùn gùù bí ilẹ̀ bá ti ṣú, béèsì ni òun náà. Àti ìlù àwọn ará Ègùn lọ́jọ́ ayẹyẹ, èyí tó jẹ́ pé bí o bá dákẹ́ tẹ́tí sí i, wàá gbọ́ ibi tó ti bá mára tan. Fi fóònù gbà wọ́n sílẹ̀. Tẹ́ wọn sábẹ́ bíìtì rẹ. Àmọ́ kí o tọrọ àyè o. Lọ bá onílù, kí o kúnlẹ̀ kí i, kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Bákan náà, má gé ohùn ẹni tó ń sunkún tàbí tó ń jà ládùúgbò sínú bíìtì kí àwọn èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Ìwọ má ṣe é.

Ó yá, ọ̀rọ̀ etí. Jọ̀ọ́, gbọ́ mi dáadáa níbí. Àwọn irun tín-tín tó wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń bá wa gbé ohùn, bí ariwo bá ti pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Kò sí oògùn ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìgbọ́ràn tó wà ní desibẹ́ẹ̀lì 80 ò léwu fún àgbàlagbà bí kò bá ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀; ti ọmọdé ò gbọdọ̀ kọjá 75. Bó bá wá gòkè dé 100, bíi ti ẹ̀gbẹ́ sípíkà ńlá, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni gbogbo èyí tí etí àgbàlagbà lè gbà lódindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan o, kì í ṣe alẹ́ kan. Bí wọ́n bá gbé sípíkà sórí pákó ládùúgbò fún ìkómọjáde tàbí ọjọ́ ìbí, má ṣe dúró sí ẹnu ẹ̀. Sún sẹ́yìn dáadáa. Máa jáde lọ gba afẹ́fẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tó padà. Òwú tí àwọn èèyàn ń fi dí etí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ohun ìdítí gidi wà, kò wọ́n. Fóònù rẹ, má jẹ́ kó kọjá 60 nínú 100. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn òde ijó, ó ń sọ fún ọ pé o ti ṣe é jù. Fún un ní ìsinmi, kí o má sì fi íapíìsì bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Bí híhó náà kò bá lọ, sọ fún Màmá, kí ẹ lọ rí dókítà.

Ti òru ńkọ́? Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ìwọ ò ní lọ láé. Àmọ́ ní ọmọ ọdún 14, òde ijó ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ tó. Kánífà àdúgbò wà lóṣù December, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Lọ pẹ̀lú ẹni tí Màmá mọ̀. Mọ ọkọ̀ tó máa gbé ọ padà kí o tó gbéra, kí o bá ọlọ́kọ̀ náà sọ iye àti àsìkò, torí bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tí o kò mọ̀ rí ló máa ní òun á gbé ọ. Omi tí o bá máa mu, ìwọ ni kí o ṣí i. Bí DJ kan, ì báà jẹ́ ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pariwo ẹ̀, bá ní kí o wá gba ohùn sílẹ̀ nílé òun, mú ẹnì kan dání, kí ẹ lọ lọ́sàn-án. Bó bá ní ìwọ nìkan lòun fẹ́ rí, kì í ṣe orin ló fẹ́ bá ọ ṣe. Ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé 18 lójú òfin Ìpínlẹ̀ Èkó, bí ẹnikẹ́ni bá sì dẹnu ibi kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, kì í ṣe ẹ̀bi aṣọ tí o wọ̀. Pè mí. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, 112 tàbí 767 ni kí o tẹ̀.

Wàá gbọ́ orúkọ àwọn oògùn olóró: Colorado, omi gọ́tà, síróòpù. Kódíìnì inú síróòpù ikọ́ ba ọ̀dọ́ jẹ́ débi pé ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní May 2018. Àwọn kan á sọ fún ọ pé láìsí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ orin ò lè wọlé sára. Ṣé o rántí Benga? Ní 2014 ó kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ní 2015, òun fúnra ẹ̀ ló jáde sọ fáyé pé àìsàn ọpọlọ ló mú òun, pé oògùn olóró fà nínú ẹ̀, ìrìn àjò eré tí kò dáwọ́ dúró sì fà nínú ẹ̀. Orí rere ló sin ín jáde, ó padà sídìí orin. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an pé ó là á mọ́lẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń fi pamọ́. Ìwọ, orí pípé àti oorun alẹ́ ni kí o fi ṣe bíìtì tìrẹ.

Ó ku Màmá. Má fi pamọ́ fún un. Kì í ṣe orin ló ń bà á lẹ́rù, òru ni. Láti ìdájí ló ti ń dúró ti iná níbi tó ti ń sun ẹja, kò lágbára láti tún máa fetí sílẹ̀ di òru pé ọmọ òun ò tíì wọlé. Ọjọ́ tí ọjà bá tà dáadáa ni kí o yàn. Jẹ́ kó jẹun tán. Fi íapíìsì kan sí i létí, kí o fi ìkejì sí tìrẹ, kí o jẹ́ kó gbọ́ ibi tí o ti fi ohùn àjẹ̀ ọkọ̀ sínú bíìtì. Má sọ̀rọ̀ àlàyé púpọ̀. Bó bá bi ọ́ pé ta ló ṣe é, sọ pé ìwọ ni. Kí o wá fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí o má gbàgbé láti pe orúkọ rẹ sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí àwọn tí ń jí bíìtì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.