Báwo Ni A Ṣe Ń Dá Àlùkò Mọ̀?

Ta ni kò mọ orúkọ àlùkò nínú wa? A ń fi í kọrin, a ń fi í súre. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i?

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn wa, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, ọ̀dàn ni. Àlùkò kì í gbé inú koríko. Etí odò ni kí ẹ ti wá a, bí odò Ògùn tàbí Ọ̀fìkì, níbi tí igi ńlá ti ṣú mọ́ra. Ẹ lọ ní kùtùkùtù. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ nítòsí igi ọ̀pọ̀tọ́ tàbí ọdán tí ó so, nítorí èso igi wọ̀nyí ni ó fẹ́ràn. Ẹ má kánjú o! Etí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ nípọn, bí ìgbà tí ènìyàn gba omi sí ọ̀fun tí ó sì ń mú un dún.

Nígbà tí ẹ bá rí i, kí ni ẹ ó wò? Ara rẹ̀ dúdú bí aró, ó ń dán bí ẹtù tuntun. Ẹnu rẹ̀ pupa, ó sì ki. Iwájú orí rẹ̀ dà bí èso ìyeyè tí ó pọ́n, àtàrí rẹ̀ sì pupa. Ìlà funfun kan wà lẹ́yìn ojú rẹ̀. A máa sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ dúró kí ó fò. Bí ó bá ti na apá, pupa yọ fòò, bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún! Ìgbà náà ni kí ẹ tó sọ pé ẹ rí i.

Àwọ̀ pupa yẹn, bàbà wà nínú rẹ̀, bàbà gidi. A. H. Church, ará Ìlú Ọba, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1869. Omi eérú, irú èyí tí àwọn aláró ń lò, lè yọ àwọ̀ náà kúrò lára ìyẹ́.

Ẹyẹ méjì a máa tan ènìyàn. Ọ̀kan ní àwọ̀ eérú, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ ní oko wa. Bí ó bá fò, funfun ni ẹ ó rí ní apá rẹ̀. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí ń jókòó sórí wáyà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kòkòrò ni tirẹ̀, kì í ṣe èso.

Ìlú kan lè pe ẹyẹ wa yìí ní àlùkò, kí òmíràn pè é ní agbe. Ẹ má torí ìyẹn jà. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí kí ẹ tó dìde: àwọ̀ ara, àwọ̀ ẹnu, àwọ̀ apá, igi tí ó bà lé. Bí ẹ bá délé kí ẹ tó kọ ọ́, ìtàn á ti yí.

Ẹyin méjì péré ni ó sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá gé igi etí odò sun èédú, ibo ni yóò sá sí? Nínú Old Oyo National Park, tí ó gba orúkọ náà ní 1991, òfin kò gba ọdẹ láàyè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀tọ́ tí ó wà létí odò oko yín, ọwọ́ yín ni ó wà.