Mọ́ínmọ́ín inú fírísà

Ìbéèrè: Mọ́ínmọ́ín tí mo ń kó sí fírísà máa ń ṣomi tí mo bá gbé e kaná, nígbà míì ó ti kan. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé, Orhuwhorun, lẹ́bàá Warri

Ìdáhùn: Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rá wé e nígbà tó ṣì gbóná, ooru tó há síbẹ̀ á di omi. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń jẹ́ kó kan. Ẹ jẹ́ kó tutù, kó má kọjá wákàtí 2 níta. Ẹ má bọ́ ewé ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé e kẹ́ ẹ tó kó o sí fírísà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ tò ó lé igi ewé nínú ìkòkò, ẹ bomi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ gbé e kaná títí àárín ẹ̀ á fi gbóná janjan. Èyí tó bá ti yọ́ nínú fírísà, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù. Bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá ń bì léraléra, tàbí tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ọsibítù yá.