Ṣé wọ́n máa ń lé awakọ̀ tí bàálù bá já lọ́wọ́ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àwòrán àbúrò bàbá wa àgbà wà lára ògiri ilé ẹbí wa, ó wọ aṣọ ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbà ní awakọ̀ bàálù tó ń ju bọ́ǹbù ni, pé bàálù já lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kó tó lọ bá Hitler jà, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé wọn ì bá ti lé e dànù. Ta ni ká gbà gbọ́?
Ọmọ Ìdúmàgbò, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Kí ẹ̀gbọ́n yín má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lè rí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn 55,573 ló kú nínú ẹ̀ka ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (RAF) tó ń ju bọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjàǹbá ló sì pa iye tó lé ní 8,000 nínú wọn, kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n máa ń kó sínú bàálù Wellington tó ti gbó, tí wọ́n á ní kó máa fò lóru, nínú kùrukùru, lórí ìlú tí wọ́n ti pa gbogbo iná rẹ̀ nítorí ọ̀tá. Bí wọ́n bá ń lé gbogbo ẹni tí bàálù já lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ì bá ṣẹ́ kù tí yóò fò dé Berlin?

Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ojú ọjọ́ ló fà á, awakọ̀ tí ara rẹ̀ bá ti yá á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá jẹ́ àìbìkítà, ọ̀gá á fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sínú ìwé ìfò rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí ìwé náà, ẹ má torí pupa já láyà: yíǹkì pupa kan náà ni wọ́n fi ń kọ ìfò òru.

Ẹ wá padà sídìí àwòrán yẹn, kí ẹ wo àyà rẹ̀ lápá òsì. Ìyẹ́ méjì ni ti awakọ̀. Bó bá jẹ́ ìyẹ́ kan pẹ̀lú lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe nínú bàálù, ìyẹn ò sì dín iyì rẹ̀ kù. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, kì í ṣe awakọ̀. Rédíò àti ìbọn ni iṣẹ́ tirẹ̀ nínú bàálù Halifax. Síbẹ̀ ó gba àmì ẹ̀yẹ DFC, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tìtorí rẹ̀ pe bàálù wọn ní “Achtung! The Black Prince”.

Ní ti àmì ẹ̀yẹ, àgbélébùú fàdákà ni DFC, ọ́fíísà àti warrant officer ni wọ́n ń fún nígbà ogun náà. DFM ni ti àwọn tí ipò wọn kéré sí ìyẹn. Ó rí roboto bí ẹyin, wọ́n sì máa ń fín orúkọ ẹni tó ni ín sí etí rẹ̀. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yí i wò.

Kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ni ìjàǹbá fi sílẹ̀, ó dùn mí láti sọ. Peter Thomas, ọmọ Èkó, àbúrò Stella Thomas tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ di awakọ̀ òfuurufú nínú RAF. Ìjàǹbá bàálù ló pa á ní January 12, 1945, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn káàdì tí wọ́n kọ ìjàǹbá bàálù ayé ìgbà náà sí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé RAF ní Hendon, London. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ fi irú bàálù náà àti ọjọ́ tó já kún un, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ tí bàbá tó wà nínú àwòrán yín ń jẹ́, ti òyìnbó àti ti ilé. Emmanuel Peter John Adeniyi ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún Peter Thomas. Ẹni tó bá ń wá Peter nìkan lè má tètè rí i.