Ẹ Jẹ́ Kí Àwo Sọ̀rọ̀ Rẹ̀ Tán

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn láti da orin inú rẹ́kọ́ọ̀dù sínú síídì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan fún yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni nígbà tí obìnrin kan gbé àwo jùjú 7 tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Mo nù wọ́n, mo gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, mo sì kó síídì 4 lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ gbé orúkọ bàbá mi sí?" Mi ò mọ ohun tó ń wí. Àṣé ní ìparí ojú kejì ọ̀kan nínú àwọn àwo náà, nígbà tí gìtá ti ń rọlẹ̀, tó ku ìlù àti ohùn, olórin dárúkọ bàbá rẹ̀, ó kì í, ó sì ṣàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo gé ibẹ̀ kúrò. Mo fẹ́ kí àwo 2 gba inú síídì 1. Ìṣẹ́jú 80 ni síídì ń gbà, àwọn àwo méjèèjì sì fi díẹ̀ lé ní 80. Mo wo ibi tí mo rò pé orin ti parí, mo dá a dúró níbẹ̀.

Ọpẹ́ ni pé àwo náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún iṣẹ́ náà ṣe, mi ò gba kọ́bọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo títí yóò fi dé ilà tó ń yí lójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà àárín, mi ò sì gé ohunkóhun tí mi ò tíì fi etí ara mi gbọ́ tán. Àwo kan, síídì kan. Síídì òfìfo kò wọ́n débi tí a ó fi tìtorí rẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń wá wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn olórin jùjú, àpàlà àti sákárà kì í kọrin fún afẹ́fẹ́. Wọ́n ń kì oníṣòwò, wọ́n ń kì ìyálọ́jà, wọ́n ń kì ẹgbẹ́. Àwo Haruna Ishola tó lókìkí jù lọ, tó jáde ní 1971, ẹgbẹ́ Òròkí l'Óṣogbo ni wọ́n fi sọ orí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó dá owó lé oníbàárà, ẹ bi í pé: kí ni ẹ fẹ́ gbọ́ nínú àwo yìí? Bí ó bá jẹ́ pé orin tó lókìkí lásán ló fẹ́, tí àwọn tó ni ín sì ti tún un tẹ̀ jáde láti inú téèpù àkọ́kọ́, ẹ sọ fún un pé kó lọ ra ìyẹn. Kò sí bí abẹ́rẹ́ wa ṣe lè gbọ́ orin ju téèpù náà lọ. Mo ti fi òótọ́ yìí lé owó kúrò lọ́wọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì dùn mí. Àwo tí ẹnikẹ́ni kò tún tẹ̀ mọ́, èyí tí ẹgbẹ́ olórin kékeré kan ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì túká, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ wa.

Kí àwo tó dé abẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ mọ irú ẹni tí ẹ ń wẹ̀. Àwo dúdú tó rọ̀ díẹ̀, èyí tó ń yí ní 33⅓ tàbí 45 ní ìṣẹ́jú kan, vinyl ni. Omi tí kò ní iyọ̀ nínú, irú èyí tí wọ́n ń bù sínú bátìrì, àti ọṣẹ olómi díẹ̀díẹ̀ kò lè pa á lára. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ nù ún bí ilà rẹ̀ ṣe lọ, ẹ má fà á kọjá ilà, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Ṣùgbọ́n àwọn àwo àtijọ́ tó ń yí ní 78, tó wúwo, tó sì ń fọ́ bí àwo amọ̀, shellac ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ohun tí kòkòrò ń pọ̀ sára igi. Bí ẹ bá fi spirit kan án, yóò yọ́ pẹ̀lú orin tó wà lójú rẹ̀. Mo rí ọmọdé kan tó ṣe é, ojú àwo náà di bí ojú ọ̀nà tí òjò fọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú àwo bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ohun iyebíye: ní 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fela, kọ orin ìjọ ní èdè Yorùbá sínú àwo Zonophone ní London. Ẹ kò mọ ohun tí ẹnì kan lè gbé jáde nínú àpótí ìyá rẹ̀ lọ́la.

Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilà àwo 78 fẹ̀ tó ìlọ́po 3 ti àwo 33⅓. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ kékeré sí i, ìsàlẹ̀ kòtò ni yóò máa họ, ariwo nìkan ni yóò máa kó wá. Ẹ má sì ṣe bí àwọn bàbá wa tí ń gbé owó ẹyọ lé orí apá ẹ̀rọ nígbà tí àwo bá ń fò. Ẹni tó ṣe orí abẹ́rẹ́ ti kọ ìwúwo rẹ̀ sára ìwé rẹ̀, ó sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 1½ sí 2½. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, ẹ wọ̀n ọ́n.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́: ẹ kò gbọdọ̀ so ẹ̀rọ àwo mọ́ ojú ihò gbohùngbohùn kọ̀ǹpútà tààrà. Nígbà tí wọ́n ń gé orin sínú àwo, wọ́n máa ń dín ìró ìsàlẹ̀ kù, kí ìlù ńlá má baà gba ilà tó fẹ̀ jù, wọ́n sì máa ń gbé ti òkè ga, kí ó lè borí ariwo. Láti 1954 ni wọ́n ti ń fi òdiwọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní RIAA ṣe é. Preamp tí ó yẹ kó wà láàárín ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Láìsí i, ohùn olórin yóò máa dún bí ẹ̀fọn.

Ìṣòro tó pọ̀ jù wà níbi iná, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa sì ti le ju ti àwọn tó wà nílùú òyìnbó lọ. Mọ́tò inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo ń tẹ̀ lé bí iná ṣe ń mì. Iná tiwa ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ń mì ní 60. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí yín, tíráńsífọ́mà lè sọ 220 di 110 fún un, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Àwo tó yẹ kó yí ní 33⅓ yóò máa yí ní nǹkan bí 28, olórin yóò dún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ti jẹnẹrétọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aládùúgbò yín bá tan fíríìsà, jẹnẹrétọ̀ á fà sẹ́yìn; bó bá pa á, á sáré. Orin náà yóò máa bá a lọ, yóò máa bá a bọ̀.

Ẹ lè ní ẹ wo àwọn àmì tóótòòtó tó wà létí ẹ̀rọ, tó máa ń dà bíi pé wọ́n dúró bí àwo bá ń yí bó ṣe yẹ, wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Bí ó bá jẹ́ pé iná kan náà ló ń yí mọ́tò tó sì ń tan gílóòbù kékeré tí ẹ fi ń wò wọ́n, àwọn méjèèjì jọ ń ṣìnà ni, ẹ kò sì ní rí i. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: mo lẹ bébà kékeré mọ́ etí àwo, mo tan aago fóònù, mo sì kà á. Àwo 33⅓ gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 100 gééré láàárín ìṣẹ́jú 3. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà, mo ra ẹ̀rọ tí quartz ń darí mọ́tò rẹ̀, tí kì í tẹ̀ lé bí iná ṣe ń mì, irú Technics SL-1200 tí àwọn DJ ń lò, mo sì gbé e sórí inverter. Mi ò gba orin sílẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ mọ́, bí oníbàárà tilẹ̀ ń kánjú. Ìgbọ̀n rẹ̀ pàápàá ń gba ilẹ̀ bọ́ sínú abẹ́rẹ́.

Kí ló dé tí mo fi le lórí èyí tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé gángan ń sọ̀rọ̀. Bí àwo bá lọ́ra lọ́nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kàn ki ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sáré tó sì tún ń lọ́ra, òkè á di àárín, àárín á di ìsàlẹ̀, ọkọ́ á di ọkọ̀. Olórin òyìnbó lè fara da ìyẹn, èdè tiwa kò lè fara dà á. Àwo tí wọn kò lu ihò rẹ̀ sí àárín gan-an ń ṣe bákan náà: ẹ ó rí apá ẹ̀rọ tó ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má fẹ ihò àwo oníbàárà. Mo máa ń to rọ́bà 3 tàbí 4 sábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi ga ju ọ̀pá kékeré àárín lọ, mo gbé apá ẹ̀rọ sókè ní ìwọ̀n kan náà, mo sì ń sún àwo náà díẹ̀díẹ̀ títí apá yóò fi dúró.

Ẹ gba orin sínú kọ̀ǹpútà ní bit 24 àti 96,000 Hz, ní WAV. Àwo oníṣẹ́jú 40 yóò gba ohun tó fi díẹ̀ dín ní gígábáìtì kan àbọ̀. Háàdì díráìfù kò wọ́n mọ́. Láti inú èyí ni ẹ ó ti ṣe ti síídì, tí í ṣe bit 16 àti 44,100 Hz. Èyí àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án láé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ariwo, níbi tí mo ti ń rí ìbàjẹ́ jù lọ lóde òní. Sọ́fúwíà kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó ń wá ni ìró tó mú ṣáṣá tó sì kúrú, tà, tà, tà, èyí tí ẹrùpẹ̀ àti ojú fífọ́ máa ń mú wá. Kí ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ṣe? Ìró tó mú ṣáṣá tó sì kúrú. Kí ni agogo ń ṣe? Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà lé orí àpàlà láìṣọ́ra, ẹ ó rí i pé ariwo lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti bá a lọ. Èyí tó ń mú ìró ṣàà kúrò náà ń jẹ lára gòjé nínú sákárà Yusuf Olatunji, torí pé ìró gòjé fúnra rẹ̀ ní èémí nínú. Nínú Audacity, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àyè wà láti gbọ́ ohun tí ìfọ̀mọ́ ìró ṣàà náà fẹ́ yọ dànù kó tó yọ ọ́. Ẹ máa gbọ́ ọ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ènìyàn tàbí ìlù kan níbẹ̀, ẹ ti ń jí nǹkan nínú àwo oníbàárà nìyẹn, ẹ dín in kù. Èyí tó bá jẹ́ ìró gààrà kan ṣoṣo, ẹ fi ọwọ́ yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àkókò. Àkókò yẹn ni oníbàárà ń sanwó fún.

Àwo jùjú kì í sinmi láàárín orin. Ojú kan lè jẹ́ orin 5 tó wọnú ara wọn láìdá ìlù dúró. Ẹ lè fi àmì sí ibi tí orin ti yí padà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń sun síídì, ẹ yan disc-at-once. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà lè fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 sí àárín ìlù, oníjó yóò sì dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè.

Ẹ má lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn síídì, ẹ má fi báírò kọ̀wé sí i. Ọ̀dà tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ti kọ orin sí ló wà nínú rẹ̀, oòrùn sì ń pa á, nítorí náà ẹ sọ fún oníbàárà pé kó má fi í sí iwájú mọ́tò. Ẹ fún un ní fíláàṣì pẹ̀lú. Ẹ fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn páálí, ẹ ya bébà àárín, ẹ sì da nọ́ńbà tí wọ́n họ sí ibi dídán tó yí bébà náà ká kọ. Orúkọ àwọn onílù sábà máa ń wà ní ẹ̀yìn páálí nìkan, kò sí níbòmíràn.

Orin náà kì í ṣe tiyín. Ẹ má tà á fún ẹlòmíràn, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó dùn yín. Ẹni tó kọ ọ́ ní ọmọ, oníbàárà tó gbé e wá sì fọkàn tán yín.

Níkẹyìn, ẹ dá àwo náà padà sínú àpò rẹ̀, ẹ kà á lójú ẹni tó ni í, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí rìsíìtì. Púpọ̀ nínú wọn á ní, "Ẹ máa mú un, mo ti ní síídì." Ẹ má gbà. Síídì náà yóò gbó kí àwo tó gbó, ẹlòmíràn sì lè ní abẹ́rẹ́ tó gbọ́ràn ju tiyín lọ ní ogún ọdún sí i. Ẹ sọ fún un pé kó gbé e nàró bí ìwé, kó má to àwọn àwo lé ara wọn, kó sì gbé e jìnnà sí ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé.