Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣe Olórí Ìgbìmọ̀ Ilé Ìwòsàn?

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá fẹ́ yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ àká àgbàdo yín, ta ni ẹ máa yàn? Ẹ kò ní yan olè. Ẹ kò sì ní yan ọ̀lẹ tí yóò sùn títí eku yóò fi jẹ àgbàdo tán. Oògùn inú ilé ìwòsàn dà bí àgbàdo inú àká. Ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ.

Ní ọdún 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìpàdé ní Bamako, ní ilẹ̀ Málì. Wọ́n gbà pé kí àwọn ará ìlú máa bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe àbójútó ilé ìwòsàn. Aláìsàn yóò san owó oògùn, wọn yóò sì fi owó náà ra oògùn mìíràn. Benin wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe dá ìgbìmọ̀ ará ìlú sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìgbìmọ̀ kan ra oògùn 50 000 F. Iye tí wọ́n rà á ni wọ́n ń tà á. Olórí ní kí wọ́n fún àwọn ẹbí òun ní oògùn 20 000 F láwìn. Wọn kò san án. Èló ni ó kù láti fi ra òmíràn?

50 000 − 20 000 = 30 000 F.

Bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, 10 000 F péré ni yóò kù. Ní ìgbà kẹta, àpótí oògùn ti ṣófo. Bí ibà bá mú ọmọ yín lóru, tí gìrì sì gbé e, kí ni nọ́ọ̀sì yóò fún un?

Ìwà tí ó yẹ olórí

1. Ó ń fetí sílẹ̀. Bí àwọn obìnrin bá ní agbẹ̀bí ń jágbe mọ́ àwọn, kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni. Yóò gbọ́ tẹnu agbẹ̀bí pẹ̀lú. Agbẹjọ́ ẹnì kan dájọ́, òṣìkà ènìyàn.

2. Kì í fi owó pamọ́ fún ará ìlú. Ní oṣooṣù, yóò jẹ́ kí wọ́n ka ìwé owó ní gbangba: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, iye tí ó kù.

3. Kì í dá iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí ó ń kọ ìwé owó kò gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

4. Kì í ṣe ojúsàájú. Ọmọ baálẹ̀ àti ọmọ Fúlàní darandaran, orí àga kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú.

5. Ó ń pa àṣírí aláìsàn mọ́. Kò ní sọ ọ́ ní ọjà, kò ní sọ ọ́ nílé.

6. Ó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Kì í ṣe dókítà. Kò ní pàṣẹ pé kí wọ́n gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́.

Bí olórí bá ṣe àṣìṣe ńkọ́?

Ẹ má kàn máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ dìde ní ìpàdé, kí ẹ sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á rí ìwé owó.” Èyí kì í ṣe àfojúdi. Owó yín ni. Ẹ̀yin náà sì ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ lè fi ojú ara yín kà á.

Ẹ dáhùn

1. Nínú ìṣirò wa, kí ni ó mú kí àpótí oògùn ṣófo?
2. Kí nìdí tí ẹnì kan kò fi gbọdọ̀ mú ìwé owó àti kọ́kọ́rọ́ pọ̀?
3. Ní ìlú yín, ìgbà wo ni wọ́n ka ìwé owó ilé ìwòsàn kẹ́yìn?